Omi Tó Wà Nínú Ìgò Àwẹ̀ró

Ojú ké.

Igbe rẹ̀ kò jọ ti ènìyàn, kò sì jọ ti ẹranko. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná ha ìdí ìkòkò gbígbẹ. Gbogbo àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ òfurufú ìtọ́jú náà ló di ìgò ọwọ́ wọn mú pinpin, kálukú ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ tòun. Lẹ́yìn náà ni àwòrán Àwẹ̀ró yọ lára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ nínú àwòrán náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ju àkàrà sí lẹ́nu.

"Ìyá Àwẹ̀ró," ògiri wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà. Ìtọ́jú ń bọ̀."

Mojèrè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wá, fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà. "Yéè! Ìdodo mi!"

Àwẹ̀ró kò mira. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé Ojú ti ya wèrè. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìtọ̀ wò ni, ẹ̀rọ sì lè ṣìnà. Nítorí òun mọ̀ dájú pé ìtọ̀ tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe ti òun. Ìtọ̀ tó mọ́ jù lọ ní gbogbo ìlú Orí-Àpáta ló bù síbẹ̀.

Ìtọ̀ Mojèrè ni.

Ẹ má tíì pariwo olè. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ délẹ̀ ná.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé obìnrin méjèèjì yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nígbà tí jẹjẹrẹ mú wọn. Àwọn apá irin yọ àpò-ìtọ̀ wọn, wọ́n gé díẹ̀ nínú ìfun wọn, wọ́n fi ṣe ọ̀nà tuntun fún ìtọ̀, wọ́n sì yọ ẹnu rẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, ó pupa, ó ń tutù yọ̀ọ̀, bí ètè ọmọ tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ló ń gba ìtọ̀. Nígbà tí wọ́n jí, tí wọ́n ṣí aṣọ wo ikùn ara wọn, Mojèrè ní, "Ìdodo kejì rèé o! Ọ̀kan fún ọlá, ọ̀kan fún ìtọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní Ìdodo, àní lójú pópó, tí àwọn ọmọ wọn á máa sá fún ìtìjú.

Ṣùgbọ́n Ojú ti tú Mojèrè sílẹ̀. Ẹni tí Ojú bá ń yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún ọdún márùn-ún tí kò rí nǹkan kan, wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun sí i lọ́rùn, kò ní gbé ìgò wá mọ́ títí ayé, àní bó bá gbé e wá, Ojú kò ní dá a lóhùn. Àwẹ̀ró ṣì ń gbé ìgò ní tirẹ̀. Jẹjẹrẹ náà ti padà wá bá a nígbà kan, wọ́n fún un ní agbo tí Ojú máa ń sè, àìsàn náà lọ, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún márùn-ún rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, láìpẹ́ yìí, omi inú ọ̀rá Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ní omi ìsápá ló fà á. Ó pa ìsápá tì. Ọ̀rá tún pọ́n. Ó ní iná yàrá ni kò dára. Ó gbé ọ̀rá sójú oòrùn, ó pọ́n síbẹ̀. Ó wá pinnu pé kò sí ohun tó kàn òun nínú wíwo ọ̀rá, ó sì ń tú u dànù pẹ̀lú ojú dídì, tó fi ń ta sí i lẹ́sẹ̀.

Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù o. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìrètíọlá, tó ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ láti ìgbà tó ti ṣègbéyàwó, ló bímọ. Ọmọ náà kò tíì ju ìkúùkù méjì lọ. Òfin sì wà: ẹni tó bá ń mu agbo Ojú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ tuntun, nítorí agbo náà a máa bá òógùn jáde lára. Ta ni yóò wá wẹ ọmọ? Ẹ̀rọ ìwẹmọ tí ìjọba ń pín? Àwẹ̀ró ti rí i bó ṣe ń ṣe. Ó ń da omi sí ọmọ lórí bí ẹni ń ṣan abọ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń na apá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òrí ra orí ọmọ kó lè rí roboto, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ju ọmọ sókè kó má bàa di ojo. Kí wọ́n wá fi ọmọ-ọmọ òun lé ẹ̀rọ ìfọbọ́ lọ́wọ́, kí òun máa wò láti ojú fèrèsé?

Ọwọ́ Mojèrè ti ń gbọ̀n, Àwẹ̀ró ló máa ń bá a pààrọ̀ ọ̀rá rẹ̀. Láàárọ̀ yẹn, ó tú ọ̀rá ọ̀rẹ́ rẹ̀, dípò kó da omi inú rẹ̀ sí kòtò, ó dà á sínú ìgò tó fi pamọ́ sábẹ́ ìró. Kò lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìtọ̀ tó bá gba inú ìfun kọjá máa ń ní ikun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, Ojú sì mọ̀ ọ́n. Bí kò bá jẹ́ ti ikun yẹn, ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni ì bá lọ bá. Ní ti pé kí Ojú béèrè ẹni tó ni ìtọ̀, kì í béèrè. Àwọn tó ṣe é kò rò ó rí pé a lè rí ẹni tí yóò jí ìtọ̀.

"Kí lò ń ṣe tó pẹ́ tó báyìí?" Mojèrè ti bi í, ó kọjú sí ògiri.

"Mò ń gbọn ọ̀rá rẹ ni," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ìtọ̀ rẹ pọ̀ ju ti ẹṣin lọ."

Mojèrè ti rẹ́rìn-ín.

Ìdí rèé tí Àwẹ̀ró fi dúró láàárín ọkọ̀ báyìí tí kò lè mira. Nítorí bí Ojú kò bá ya wèrè, a jẹ́ pé Mojèrè ló ń ké lé lórí.

Dókítà Arínọlá yọ láti inú yàrá ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ojú rẹ̀ tutù, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn kó tó sọ ohunkóhun.

"Ìyá, ẹ má fòyà," ó wí. "Ojú tètè rí i. Kékeré ni, ó wà lójú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà bọ̀ láti inú kíndìnrín. Ẹ̀yìn kò tíì máa dùn yín?"

"Rárá," ni Àwẹ̀ró wí. Òtítọ́ ni. Ẹ̀yìn kò dùn ún.

"Ẹ̀yìn ló ń dá èmi láàmú," Mojèrè dá sí i, ó ń fi etí ìró nu imú. "Láti ọjọ́ mélòó kan. Mo ní ọmọ Ìrètíọlá tí mo pọ̀n ló fà á. Dókítà, ẹ má dá mi lóhùn, ẹ tọ́jú ẹni tó ń ṣàìsàn."

Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn ìbàdí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Dókítà," ó wí, ohùn rẹ̀ ti kéré, "ṣé Ojú kì í ṣìnà?"

"Kò tíì ṣìnà rí, Ìyá."

"Agbo yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń sè é lọ́wọ́. Ẹ ó mu ún kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ mọ̀ pé ìlú Ìgbòdì là ń lọ láti ibí, a ò sì ní padà wá títí òjò yóò fi dá."

"Tí ẹni náà kò bá rí i mu ńkọ́? Tó bá di ìgbà tí òjò bá dá?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká mu ún lónìí, Ìyá."

"Ṣé ẹlòmíràn lè mu agbo mi?"

"Kò lè ṣe é láǹfààní. Inú ìtọ̀ yín ni Ojú ti mọ ohun tó máa sè. Ara tó ni ìtọ̀ yẹn nìkan ló lè bá ṣiṣẹ́. Bí èmi bá mu ún, ìgbẹ́ lásán ni màá máa yà dé Ìgbòdì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ó lè pa ìyá náà lẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rín. "Ó sì máa ń pẹ́ kó tó jinná. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè sè é kí á tó ṣí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó dànù o."

Dókítà padà sísàlẹ̀. Mojèrè fa Àwẹ̀ró jókòó, ó gbá a mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún gidi, èyí tó máa ń gbọn ọmú.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ nígbà gbogbo?" ó ń wí. "Kí ló dé tí kò fi wá sọ́dọ̀ mi? Èmi tí mo ti lo ìgbà mi, tí n kò ní ọmọ tuntun nílé! Gbọ́, Ìdodo. Má ronú nípa ọmọ yẹn. Èmi ni màá máa wẹ̀ ẹ́ títí o máa fi parí agbo. Màá nà án dáadáa. Màá máa sọ fún un pé ìyá rẹ̀ àgbà ń bọ̀."

"Mojèrè, dákẹ́."

"N ò ní dákẹ́. Ṣé o rò pé ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n máa jẹ́ kó jábọ́ ni? Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n tó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ."

"Mo ní kí o dákẹ́!"

Mojèrè dákẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó rò pé ìbẹ̀rù ló ń mú ọ̀rẹ́ òun jágbe. Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ń mi orí. Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn wọn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Ọlọ́run á wò yín sàn." Gbogbo àánú tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ń dà lé Àwẹ̀ró lórí, kò sì sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀. Ó jókòó lórí àánú ẹlòmíràn bí ẹni tó jókòó lórí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Bí òun bá sọ fún Mojèrè níkọ̀kọ̀ pé kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò? Ojú kò ní dá ẹni tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ funfun lóhùn. Bí òun bá gba agbo yẹn, tí òun díbọ́n pé òun mu ún, tí òun wá pò ó mọ́ ọbẹ̀ fún Mojèrè? Dókítà á dúró wo bó ṣe ń gbé e mì, ó sì máa ń ní kí wọ́n la ẹnu. Bí òun bá jẹ́wọ́? Ẹni tó bá tan Ojú jẹ, ilẹ̀kùn ọkọ̀ á tì mọ́ ọn títí òjò fi máa dá. Kò ní mú ìgò wá, wọn kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò ní fún un ní nǹkan kan. Ó sì mọ ohun tó ń pọ́n nínú ọ̀rá òun. Nísinsìnyí, pẹ̀lú ẹ̀rù tó bà á, kò rí ìsápá tó lè dá lẹ́bi mọ́.

Agbo dé. Apá irin kan ló gbé e wá nínú ife, èéfín ń rú lórí rẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bí òjò àkọ́rọ̀ lórí àpáta gbígbóná. Dókítà gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àwẹ̀ró.

"Ẹ mu ún tán, Ìyá. Ó korò díẹ̀."

"Mu ún, Ìdodo," Mojèrè wí. "Di imú rẹ. Fojú inú wò ó pé ẹmu ni."

Àwẹ̀ró gbé ife sẹ́nu. Ètè rẹ̀ kan etí ife. Ó wo Mojèrè láti òkè ife náà, ó rí i bó ṣe na ọrùn tí òun náà di imú tirẹ̀, bí ìyá tó ń fún ọmọ lóògùn, tó ń bá a la ẹnu.

Ó gbé ife náà kalẹ̀.

"Tìẹ ni," ó wí.

"Kí ni tèmi?"

"Agbo yìí. Ìtọ̀ rẹ ló wà nínú ìgò. Mo bù ú láàárọ̀ nígbà tí mò ń tú ọ̀rá rẹ."

Bàbá ẹ̀yìn wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ló bà wọ́n," ó wí. "Ẹ mu ún, Ìyá, ẹ má sọ̀rọ̀ kiri."

"Ẹ̀rù kọ́! Olè ni mí! Mo jí ìtọ̀!" Ó pariwo rẹ̀ débi tí ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde, ẹ̀rín sì fẹ́ mú un níbi tí omijé ti ń bọ́, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ gbólóhùn yẹn kó níyì. "Dókítà, ẹ wò ó. Ẹ mú ẹ̀kán kan lára rẹ̀. Ẹ fún Ojú."

"Wọ́n ti tú mi sílẹ̀," Mojèrè wí. Ó fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. "Wọ́n ti tú mi sílẹ̀, Àwẹ̀ró."

Ó pè é ní Àwẹ̀ró.

Dókítà sún mọ́ ọn. Ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ́rùn Mojèrè pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ó ní kó ká etí bùbá rẹ̀ sókè, ó fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀kán kan láti inú ọ̀rá, ó sì kán an sí Ojú.

Ojú ké. Igbe kan náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ògiri ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ṣì dùn bí oyin. "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ ti tan Ojú jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáde. Ilẹ̀kùn yóò ṣí fún yín nígbà tí òjò bá dá. Ẹ ṣe é púpọ̀." Àwòrán ẹlẹ́nu lílà náà sì kúrò lára ògiri.

"Dókítà," Àwẹ̀ró wí.

"Mi ò lágbára lórí ògiri, Ìyá," ọ̀dọ́bìnrin náà wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ máa bínú."

Mojèrè gbé ife. Kò di imú. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú Àwẹ̀ró títí ó fi rí ìdí ife.

Níta, lórí àpáta, bẹ́ǹṣì kan wà níbi tí wọ́n so okùn ọkọ̀ mọ́. Àwẹ̀ró jókòó síbẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi òkun ń dán lórí àwọn òrùlé àtijọ́, níbi tí àwọn ìyá ìyá wọn ti gbé rí. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ohùn Ìrètíọlá sì jáde nínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò tíì dé? Omi ìwẹ̀ ọmọ ti gbóná. Kí ni Ojú wí?"

"Mò ń bọ̀," Àwẹ̀ró wí.

Kò dìde. Òun tó jalè nítorí ọmọ wíwẹ̀, ó ti rí ohun tó wá gbà. Kò mu agbo, kò sí òfin tó dí i lọ́wọ́, ó lè lọ wẹ ọmọ ní báyìí kó nà án bó ṣe fẹ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan, ó dà bí ọwọ́ tí èèyàn gbàgbé síbẹ̀.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Mojèrè kó tó rí i. Mojèrè dúró, kò jókòó.

"Nínú gbogbo ohun tó wà láyé tí èèyàn lè jí," ó wí.

Àwẹ̀ró fa etí ìró bo ọ̀rá rẹ̀.

"Ajá pàápàá, tó bá rí i nílẹ̀, á kàn gbóòórùn ni, á kọjá lọ."

"Mojèrè, ká ní mi ò jí i ni, wọn kì bá tí mọ̀ pé—"

"Má sọ ọ́!" Mojèrè na ìka sí i lójú. "Má tilẹ̀ dán an wò. Kí n wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, àbí?"

"Rárá."

"O jẹ́ kí n sunkún. Lójú gbogbo ayé, tí ikun ń yọ nímú mi. Ara mi ni mò ń sunkún lé lórí, èmi ò mọ̀, ìwọ mọ̀. O jókòó, o ń wò mí."

"Mo wò ọ́," Àwẹ̀ró wí. Kò rí ohun mìíràn tó jẹ́ òtítọ́ tó lè sọ.

Atẹ́gùn fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti ń tú okùn. Mojèrè fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀ mú, níbi tó ń dùn ún, ó sì mí kanlẹ̀.

"Kí ló wà nínú tìẹ?" ó béèrè.

"Nínú kí ni?"

"Má ṣe mí bí òmùgọ̀. Èèyàn kì í jí ti ẹlòmíràn tí tirẹ̀ bá dára. Kí lo rí nínú ọ̀rá rẹ?"

Àwẹ̀ró la ẹnu láti dá ìsápá lẹ́bi. Ẹnu náà kọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Okùn tú. Ọkọ̀ náà gbéra láìdún, òjìji rẹ̀ gùn ún lọ lórí àpáta, ó kọjá lórí àwọn méjèèjì, ó mú òtútù wá, ó sì lọ. Mojèrè wò ó títí ó fi kéré bí ẹyẹ. Gbogbo ohun tó lè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sàn ló wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ yẹn.

"Sún," ó wí.

Àwẹ̀ró sún. Mojèrè jókòó, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èjìká wọn kanra.

"N ò tíì dárí jì ọ́ o."

"Mo mọ̀."

"Mi ò mọ̀ bóyá màá dárí jì ọ́. Inú ń bí mi débi pé agbo náà ń hó nínú mi."

"Mo mọ̀, Mojèrè."

Ẹ̀gbà ọwọ́ tún gbọ̀n. "Màmá, omi ti ń tutù o."

"Lọ wẹ ọmọ," Mojèrè wí. "Èmi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́, o ti rí i sí ìyẹn náà. Lọ. Lẹ́yìn náà kí o wá sílé mi. Jókòó síta. Màá sọ fún ọ bóyá kí o wọlé."

"Bí o bá ní kí n má wọlé ńkọ́?"

"Wàá jókòó síta."

Àwẹ̀ró dìde. Orúnkún rẹ̀ ró kẹ́kẹ́. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àpáta, ó di ọ̀rá rẹ̀ mú lábẹ́ ìró kó má bàa máa mì, ẹ̀bi náà sì ń bá a sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, ó bojú wẹ̀yìn.

Mojèrè ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí òkun. Kò sún bọ́ sáàárín. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, àyè ẹnìkan sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.